Ṣé ìwé-ẹ̀rí ló ń kọ́ ọmọ? Ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn lórí ìdánwò àwọn tíṣà tuntun

Ohun méjì ló máa ń dá ọ̀rọ̀ tíṣà sílẹ̀ ní Òṣogbo: kí èsì WAEC jáde, tàbí kí ìjọba kéde pé òun fẹ́ gba olùkọ́ síṣẹ́. Kíá, ìpè á ti pọ̀ lórí ètò rédíò, àwọn òbí á máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, àwọn olùkọ́ náà á sì máa fèsì níbi tiwọn. Ẹnìkan á ní kí wọ́n dán gbogbo tíṣà wò, kí ẹni tó bá féèlì gba ilé lọ. Ẹlòmíì á ní ìdánwò wo tún ni, ṣé ẹni tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, tó ṣe ti TRCN, tó tún ṣe ti ìgbanisíṣẹ́, kò tíì ṣe ìdánwò tó ni? Ẹnì kẹta á ní òun ò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan, èsì àwọn ọmọ ni kí wọ́n fi mọ tíṣà tó mọṣẹ́.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò pàdé rárá. Ìdánwò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nílẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo la sì fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdánwò mẹ́ta wo nìyẹn?

Èkíní ń wo ohun tí olùkọ́ mọ̀. Irú rẹ̀ ni ti TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1993 ni òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni ìdánwò wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní PQE, bẹ̀rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é: ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀, kí o yan èyí tó tọ̀nà. Ti ẹni tó ní NCE yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní dìgírì, àwọn tó ní Másítàsì àti PhD náà sì ní tiwọn. Irú ìdánwò báyìí lè jẹ́ ká mọ̀ pé olùkọ́ kan mọ ohun tí Piaget, gbajúmọ̀ onímọ̀, sọ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú. Kò lè sọ ohun tí onítọ̀hún máa ṣe nígbà tí ọgọ́ta ọmọ bá ń pariwo lé e lórí láago kan ọ̀sán, tí iná ò sí, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́.

Èkejì ń wo olùkọ́ náà lójú iṣẹ́. Ọ̀gá télọ̀ tó fẹ́ fún ọmọṣẹ́ ní fíríìdọ̀mù kì í bi í ní ìbéèrè lórí ìwé. Aṣọ ló máa ń gbé fún un pé kó gé e, kó rán an, kí oníbàárà wọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń pè ní ìdánwò ojú-iṣẹ́ nìyẹn: kí a wo bí olùkọ́ ṣe gbèrò ẹ̀kọ́, bó ṣe kọ́ ọ, àti bó ṣe mọ̀ pé ó yé àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹta kì í wo olùkọ́ fúnra rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tó kọ́ ló ń wò. Ṣé wọ́n mọ̀wé sí i lẹ́yìn ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan tilẹ̀ fà á gùn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi èsì ọmọ mú ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ tíṣà náà, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì náà wá jíhìn.

Ẹni tó ní kí tíṣà ṣe ìdánwò sábà máa ń ní èkíní lọ́kàn. Ẹni tó ń bínú nítorí WAEC, ẹ̀kẹta ló ń sọ. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó sún mọ́ iṣẹ́ tíṣà jù, ni kò ní alágbàwí lórí rédíò.

Ṣé a ò ti ń ṣe èkejì yẹn nígbà TP?

A ń ṣe é, dé ìwọ̀n kan. Kò sẹ́ni tó ń gba NCE tàbí dìgírì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí kò ní lọ fún TP, ìyẹn fífi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò nílé-ìwé. Ìlànà NCCE, àjọ tó ń mójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ láti 1989, gba sáà kan gbáko. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ. Ọmọbìnrin kan dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí Ìwó, ó mú lẹ́tà wá sí ilé-ìwé kan lágbègbè Òkè-Báálẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ torí tíṣà ò tó, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kó kíláàsì mẹ́ta lé e lọ́wọ́. "Àǹtí TP" ni àwọn ọmọ ń pè é. Lálẹ́ ló máa ń kọ nóòtì rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó ti fi páálí dì: ọjọ́, kíláàsì, iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn, ohun-èlò ìkọ́ni, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tí gbogbo ẹni tó ti ṣe TP lè kà lójú oorun, "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè..." Ó ra kádíbọ́ọ̀dù, ó fi máákà ya ewé igi sórí rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹ̀yà ewé kọ̀ọ̀kan sí i.

Alábòójútó kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wọ ọgbà báyìí, ìròyìn ti dé kíláàsì ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ á dìde, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́: ìmúra, ohùn, ìlò pátákó, bíbi ọmọ ní ìbéèrè, ìkápá kíláàsì, ìparí ẹ̀kọ́. Á fi bírò pupa fa nóòtì, á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "Àǹtí, ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ má máa dojú kọ pátákó sọ̀rọ̀," á sì bọ́ sọ́kọ̀ lọ sílé-ìwé tó kàn. Àwọn tó ti la TP kọjá mọ ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀: ẹ̀kọ́ àná ni wọ́n ń tún kọ́ lójú súpáfáísọ̀, ọmọ tó mọ ìdáhùn á na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí kò mọ̀ ọ́n á na tòsì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe é o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni pé tíṣà ló ń wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ní kí Àǹtí TP kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ wá, kó fi hàn pé ọmọ báyìí ṣi ìṣirò báyìí, ohun tí mo rò pé ó fà á nìyí, ohun tí mo ṣe sí i lọ́jọ́ kejì sì nìyí. Ohùn lè dáa, kádíbọ́ọ̀dù lè rẹwà, kí ẹ̀kọ́ náà má yé ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀kọ́ fi ń tọ́ka sí i?

Ní àwọn ọdún 1980 ni Lee Shulman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dán olùkọ́ wò lójú iṣẹ́, kó má jẹ́ ìdánwò orí ìwé nìkan. Ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 1998 pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè kọ́ni. Láti 2002, Stanford àti àwọn yunifásítì míì níbẹ̀ para pọ̀ gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PACT. Òun ló bí edTPA, tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 2013.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ á gbèrò ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó so mọ́ra, á ṣàlàyé ìdí tó fi yan ọ̀nà tó yàn fún irú àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Á ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ wọn. Á kó iṣẹ́ àwọn ọmọ jọ, á mú mẹ́ta nínú wọn, á fi hàn bí ó ṣe tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́nà lórí àṣìṣe rẹ̀ àti ohun tó kàn láti kọ́ ọ. Olùkọ́ àgbà tàbí olùkọ́ni yunifásítì tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó wà níbòmíràn, ló máa fún un ní máàkì. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ìwọ̀n 15 ni wọ́n fi ń wò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 1 sí 5, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 75.

Ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀ sí ti Àǹtí TP wa. Kò sí bíbẹ súpáfáísọ̀. Iṣẹ́ ọmọ wà lórí tábìlì. Máàkì náà sì tún ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ olùkọ́: bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá ń mókè nínú ìgbèrò ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣubú nínú bí wọ́n ṣe ń lo iṣẹ́ ọmọ, yunifásítì mọ ohun tí òun ò kọ́ wọn. Linda Darling-Hammond, tí òun náà wà ní Stanford, tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Lójú rẹ̀, ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ẹni tó ń ṣe é bó ṣe ń dán an wò, ó sì ń sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ibi tí ilé ti ń jò.

Tó bá dáa bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi pa á tì?

Àtakò bẹ̀rẹ̀ kí ìdánwò náà tó dúró dáadáa. Ní 2012, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ 67 nínú 68 ní Yunifásítì Massachusetts tó wà ní Amherst kọ̀ láti kópa. Ilé-iṣẹ́ Pearson ló ń bójú tó ìṣètò àti ìfúnnimáàkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní àwọn tó ti mọ àwọn láti oṣù mélòó kan ló yẹ kó sọ bóyá àwọn lè kọ́ni, kì í ṣe àjèjì tó wo fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀.

Owó tún dé. Dọ́là 300 ni owó ìdánwò náà, ẹni tí kò tíì gbowó oṣù kankan rí ló sì máa san án. Ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ inú fídíò náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà ò fohùn ṣọ̀kan: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Washington ní 2017 rí i pé máàkì edTPA jẹ mọ́ bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni lẹ́yìnwá ọ̀la dé àyè kan, àmọ́ ẹ̀rí náà ò rinlẹ̀ bákan náà nínú ìṣirò àti nínú ìwé kíkà. Àwọn míì, tí Drew Gitomer wà lára wọn, ní bí wọ́n ṣe ń ka máàkì rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé tó fún ohun tó lè dí èèyàn lọ́nà iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, ọ̀wọ́n olùkọ́ sì ń le sí i. Georgia jáwọ́ ní 2020, Washington ní 2021, New York àti New Jersey ní 2022. Ní 2024, àwọn aṣòfin California gan-an gbé àbá dìde láti fòpin sí tiwọn. Wọ́n tún àbá náà ṣe kó tó di òfin, ìdánwò náà sì dúró.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "Amẹ́ríkà ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́" kò parọ́. Ẹni tó ní "Amẹ́ríkà ti pa á tì" náà ò parọ́. Ìpínlẹ̀ tó ń sọ ni kí ẹ béèrè.

Ṣé a lè fi èsì àwọn ọmọ mú kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́ tíṣà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Tennessee àti Louisiana ti dán an wò: wọ́n tọ àwọn olùkọ́ tuntun láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí kíláàsì wọn, wọ́n wo ibi tí àwọn ọmọ wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ibi tí wọ́n dé ní ìparí, wọ́n sì fi ìlọsíwájú yẹn ka ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2016, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa díwọ̀n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí ohun tí àwọn ọmọ kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n máa wò. Kò ju oṣù márùn-ún lọ tí ilé aṣòfin fi fagi lé e, Ààrẹ Trump sì buwọ́ lu ìfagilé náà ní oṣù Kẹta 2017.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní kò sí ọ̀nà míì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi máa mọ̀ bóyá ohun tí òun ń kọ́ ènìyàn wúlò. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn tọ́ka sí ohun tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò àkójọ ní Amẹ́ríkà, ASA, sọ ní 2014: nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ìdá 1 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì ọmọ kan àti òmíràn ni wọ́n lè kà sí ti olùkọ́. Ilé, oúnjẹ, ìwé, iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì àti àwọn nǹkan míì ló wà nínú ìyókù.

Lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, ìdíwọ́ wà kí a tó débẹ̀ rárá. Láti fi ọmọ díwọ̀n olùkọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ mọ ibi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kan náà tí gbogbo ọmọ ń ṣe lọ́dọọdún láti kíláàsì kan dé èkejì kò sí. WAEC wà ní ìparí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọmọ tó dé JSS1 láì lè ka gbólóhùn kan, tí tíṣà kan fara ṣiṣẹ́ fún títí ó fi lè ka ìwé ìròyìn, lè féèlì WAEC síbẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà yẹn ò ní hàn níbì kankan. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí mírákù sẹ́ńtà á pàásì, ẹnì kan á sì gba ọpẹ́ ohun tí kò ṣe. Àwọn ọmọ tí kò lè kàwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe díẹ̀: UNICEF ti sọ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn tàbí ṣe ìṣirò kékeré.

Èsì fúnra rẹ̀ náà lè yí lójú ẹni. Ní oṣù Kẹjọ 2025, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tó ní kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ariwo sọ lórí àwọn tíṣà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àjọ náà ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n tún un ṣe, ó sì di 62.96. Ká ní wọ́n ti fi èsì àkọ́kọ́ yẹn lé olùkọ́ lọ, ta ni ì bá dá a padà?

Àpẹẹrẹ kan wà tó sún mọ́ wa tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ kì í gbàgbé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gbogbo èèyàn ló ń rántí ọ̀rọ̀ èdè. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà: wọ́n kọ àwọn ìwé, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí wọ́n ṣe máa lò ó, wọ́n ní kíláàsì míì tí wọ́n á fi wé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá dán àwọn ọmọ wò. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi wé wọn lọ. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, èsì ọmọ ní ìtumọ̀, torí ẹ mọ ohun tí wọ́n fún olùkọ́ kí wọ́n tó ní kó wá jíhìn.

Ṣé wọn ò ti dán tíṣà wò rí ní Nàìjíríà ni?

Ó ti pẹ́. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ 1887 ní Èkó, bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe nínú ìdánwò wà lára ohun tí ìjọba àmúnisìn ń wò kó tó fún ilé-ìwé ní owó ìrànwọ́. Nítorí náà kì í ṣe Amẹ́ríkà ló kọ́ wa ní fífi èsì ọmọ sanwó.

Ti ìgbà tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ní 2008, Kwara dán olùkọ́ 19,125 wò, 75 péré ni wọ́n ní ó dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kó wọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì létí: ìjọba ìpínlẹ̀ náà yíjú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà ní Òrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ṣe. Ní Èkìtì, lọ́dún 2012, àwọn olùkọ́ kọ̀ láti jókòó fún ìdánwò tí ìjọba Fáyẹmí pè ní ti mímọ ohun tí wọ́n nílò. Nígbà tí gómìnà náà fìdí rẹmi ní 2014, ọ̀pọ̀ olùwòye ka ìbínú àwọn olùkọ́ mọ́ ohun tó fà á. Kàdúná ló le jù. Ní 2017, Gómìnà El-Rufai ní olùkọ́ 21,780 nínú 33,000 kò rí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbà nínú ìdánwò tí wọ́n gbé ka iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kẹrin. Wọ́n lé wọn, NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2022 wọ́n tún lé 2,357, ṣùgbọ́n 2,192 nínú wọn kò féèlì. Wọn ò wá ṣe ìdánwò náà rárá ni.

Ìdánwò ohun tí olùkọ́ mọ̀ ni ti Kwara, Èkìtì àti Kàdúná. Kò sí èyí tó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Kí wá ni oníkálukú ń sọ?

Àwọn olùkọ́, nípasẹ̀ NUT, sọ pé àwọn ò sá fún ìdánwò. Ohun tí àwọn ń sá fún ni ìdánwò tí wọ́n ti dájọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Ọ̀ṣun, wọn ò tíì gbàgbé pé láti 2015 wọ 2018, ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ìpele òkè ń gbà. Wọ́n tún ń béèrè ìjíhìn lọ́wọ́ ẹni tó kó ọmọ 70 sí yàrá kan, nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé 35 ni fún olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹjọ́ tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá fún àwọn ni àwọn ń kọ́, wọ́n ní. Ní 2025, máàkì tí JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì jẹ́ 150, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sì jẹ́ 100. Ọ̀pọ̀ ló wá ṣe NCE torí pé ibi tí wọ́n fẹ́ kò gbà wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: ti Iléṣà ti di yunifásítì, Adéyẹmí ní Oǹdó náà ti di yunifásítì ẹ̀kọ́.

Ìjọba ní òun ò lè máa sanwó fún ohun tí òun ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn òbí ò ní àlàyé púpọ̀: ọmọ mi ò lè kàwé, ta ni mo máa mú?

Ta ló láṣẹ láti yí i padà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ń fò nìyí. Ìjọba Ọ̀ṣun kò lè yí ìlànà NCE padà. NCCE ló ni ín, ní Àbújá. Dìgírì wà lọ́wọ́ NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ TRCN. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí PQE ní apá tí wọ́n á ti máa wo olùkọ́ nínú kíláàsì, ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ń lọ.

Fídíò náà ní òfin tirẹ̀. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń dáàbò bò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi fóònù ya kíláàsì ní Òkè-Fìà tàbí Ìgbóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí àwọn ọmọ, kó sì sọ ibi tí fídíò náà máa gbé àti ìgbà tí wọ́n á pa á rẹ́. Dátà tí wọ́n á fi gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ló máa rà á.

Àmọ́ àyè kan wà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ ìjọba máa ń wà lábẹ́ àyẹ̀wò fún ọdún méjì kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tíṣà. SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń bójú tó ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti sẹ́kọ́ńdírì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Nínú ọdún méjì yẹn, kò sí òfin Àbújá tó ní kí wọ́n má rán olùkọ́ àgbà láti ilé-ìwé míì lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì tíṣà tuntun lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n wo ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́ ọ. Owó ọkọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà yẹn, àti ẹni tó máa dúró ní kíláàsì wọn bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn.